Etí Àwo Tí Mo Fá

Mo rántí ìgbà tí àtàǹpàkò mi ọ̀tún gbọ́n ju ojú mi lọ. Bí mo bá ti fi í tọ etí abọ́ rọ́bà yíká lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ̀ bóyá abọ́ náà yóò tà tàbí wọn yóò dá a padà fún wa. Àwọn obìnrin tó ń kó ọjà wa lọ sí ọjà Kejetia ní Kumasi kì í wo àwọ̀, wọn kì í sì í wo ìdí. Wọn á gbé abọ́ sókè, wọn á fi àtàǹpàkò yí etí rẹ̀ ká, bó bá ha wọ́n lọ́wọ́ pẹ́nrẹ́n, wọn á gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á ní, "Eyi deɛ, daabi." Ìyẹn ni pé èyí kọ́, àwọn ò rà á. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ "daabi" sí ọjà wa, ọ̀bẹ kékeré kan báyìí ni mo sì fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ mi mọ́ níbẹ̀, mo mọ̀ pé ó mọ́, mo sì ń gbé e rìn káàkiri Aboabo, àdúgbò wa, bí ẹni pé èmi nìkan ni Ọlọ́run fún ní àtàǹpàkò.

Ẹ̀yìn Anloga Junction ni ilé iṣẹ́ náà wà, lẹ́yìn àwọn tó ń la pákó, tó fi jẹ́ pé eruku igi máa ń bà lé wa lórí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Alájì ló ni ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Asawase ni wọ́n bí i sí, bí wọ́n ṣe bí èmi náà sí Aboabo. Bàbá rẹ̀ ló ti Nàìjíríà wá ta aṣọ ní Kumasi. Ẹnì kejì ni Bàbá Ẹlẹ́rọ, ará Ọ̀yọ́, tó dàgbà ju Alájì fúnra rẹ̀ lọ. Òun ló ń da rọ́bà wóróworó sínú ẹ̀rọ, òun ló ń mọ ìgbà tó bá yọ́ tó, òun náà ló sì ń tì í wọ inú mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin méjì tó máa ń pàdé, tí rọ́bà á fi di abọ́ tàbí búútà àlùwàlá láàrin wọn. Ibi tí irin méjèèjì bá ti pàdé, rọ́bà díẹ̀ máa ń yọ jáde níbẹ̀ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì yí etí ọjà náà po. Èmi tí mo ṣe ẹnì kẹta ni mo ń fá a kúrò.

Bàbá Ẹlẹ́rọ ló mú mi wọ iṣẹ́. Òun àti ọkọ mi jọ máa ń kírun ní sàfú kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, tó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún mi, àwọn ènìyàn bá mi kẹ́dùn títí ó fi pé ogójì ọjọ́, lẹ́yìn náà oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Bàbá nìkan ló padà wá. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ wa. Wá bá wa ṣe é." Ó fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé abọ́ ti àyà. "Abọ́ ni kó o máa yí," ló ń sọ lójoojúmọ́, "má yí ọ̀bẹ. To, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́." Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo gé ara mi lọ́wọ́ ju bí mo ṣe gé rọ́bà lọ, kò sì pariwo mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ṣẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ti ń kú lọ. Abọ́ òkè òkun ti kún ọjà, ó fúyẹ́, ó ń dán, kò sì wọ́n. Àwọn oníbàárà wa ṣì ń yà kí wa, ṣùgbọ́n ìkíni lásán ni. Alájì wá ń sọ ọ́ ní gbangba pé bí òun kò bá rí ohun mìíràn ṣe, òun á ta ẹ̀rọ, òun á sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Padà kẹ̀! Ọkùnrin tí kò lò tó oṣù mẹ́ta níbẹ̀ rí, tí wọ́n ń pè ní ará Gánà nínú ilé bàbá rẹ̀. Ti Bàbá Ẹlẹ́rọ tún burú ju ìyẹn lọ. Ojú rẹ̀ kan ti ń ṣú, kò sì sí ilé iṣẹ́ mìíràn ní Kumasi tó máa gba arúgbó tó ń fi ojú kan ríran sídìí ẹ̀rọ gbígbóná. Bí ẹ̀rọ yẹn bá lọ, kò sí ibì kankan tó kù fún un ju ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn nígbà tí Olùkọ́ wọlé tọ̀ wá wá. Ọmọ Asante ni, yunifásítì ló ti ń kọ́ni, ó sì mú àwo rọ́bà pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́, tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, tí etí rẹ̀ nípọn. Eré ni wọ́n ń fi ṣe, ó ní. Wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ irin sórí òpó lókèèrè, wọ́n á so ṣéènì yí i ká, ènìyàn á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa ju àwo náà sún mọ́ ọn, ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù kí àwo tó bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ló jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Odindi àgbà ọkùnrin, oníwèé rẹpẹtẹ, tó ń ju àwo, tó tún ń sáré tẹ̀lé e! Olùkọ́ kò bínú. Ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ ilé ìwé sínú eré náà, àwo tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ti wọ́n jù, òun sì fẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Kumasi níbí. Bí a bá lè ṣe ogún tí gbogbo wọn fò bákan náà, àwa ni a ó máa ṣe é fún gbogbo ilé ìwé tó bá ń ṣe eré náà. Alájì dáhùn pé, "Inshallahu, ó ti parí." Kò tíì mọ ohun tó ń gbà.

Olùkọ́ mú wa lọ sí pápá ilé ìwé kan ní Asawase, ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń jù ú, kí àwa fúnra wa lè máa yẹ iṣẹ́ wa wò. Àwo tó dára, bí o bá fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú, á lọ tààrà, nígbà tí agbára rẹ̀ bá sì ń tán, á rọra yà sí òsì, á balẹ̀. Èyí tí kò dára á fì sí ọ̀tún, á dojú dé, á já bọ́ sínú koríko níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán an sí. Nínú àwa mẹ́ta, èmi tí mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n jù. Bàbá ní kì í ṣe ohun ìyanu, ó ní ọwọ́ tó ti ń yí abọ́ fún ọdún mẹ́jọ ni.

Lọ́dọ̀ àwọn onírin ní Suame ni wọ́n ti gbẹ́ mọ́ọ̀dù náà fún wa. Lọ́jọ́ tí àwo àkọ́kọ́ jáde, Olùkọ́ yí i wò lọ́wọ́, ó sì sọ fún Alájì pé kí a gé ìrù kékeré tó wà láàrin rẹ̀ nìkan, níbi tí rọ́bà ti gba wọ mọ́ọ̀dù, kí a má fi ọ̀bẹ kan etí rẹ̀ rárá. Bàbá wà nídìí ẹ̀rọ tó ń pariwo, kò gbọ́. Alájì wá sọ ọ́ fún mi níbi tí mo jókòó sí. Èmi gbọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti yí ẹ̀yìn padà, mo fi àtàǹpàkò tọ etí àwo náà, ó sì ha mí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọwọ́ mi pé ohun tó bá ha ènìyàn kò gbọdọ̀ kúrò níwájú mi. Mo ní ọkùnrin ni wọ́n, kí ni wọ́n mọ̀ nípa etí? Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ni yóò fọwọ́ di í mú. Àwo òkè òkun tí Olùkọ́ mú wá náà ní etí tó ha díẹ̀, mo sì rí i, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé àwọn òyìnbó tó ṣe é ya ọ̀lẹ ni. Mo mú ọ̀bẹ. N kò fi mọ sí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yọ jáde, mo fá etí náà gan-an títí ó fi rí róbótó tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, bí mo ṣe ń ṣe abọ́ àwọn oníbàárà Kejetia. Báyìí ni mo ṣe fá gbogbo wọn. Bàbá rí mi, ó rò pé bó ṣe yẹ kó rí ni. Alájì kì í wo etí, ó ti fi ìyẹn lé mi lọ́wọ́ tipẹ́. Nígbà tí Olùkọ́ fọwọ́ kan ogún àkọ́kọ́, ó ní mọ́ọ̀dù náà pàdé dáadáa, ó yin ẹni tó gbẹ́ ẹ. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì gba ìyìn náà sínú ara mi láìsọ̀rọ̀.

Nínú ogún yẹn, mẹ́sàn-án ló lọ tààrà. Àwọn yòókù fì sí ọ̀tún, òmíràn fì díẹ̀, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà wá bá wa. Olùkọ́ jù wọ́n, ó tún wọn jù, ó ń fi bírò kọ nǹkan sí inú wọn. "Aden?" ló ń bi ara rẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè pé kí ló dé. "Mọ́ọ̀dù kan, rọ́bà kan, aden?" Ó ṣàlàyé fún wa pé ooru lè fà á, tàbí bí àwo ṣe ń tutù, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ. Alájì wo Bàbá Ẹlẹ́rọ. Gbogbo wa mọ ohun tó ń rò. Bí ládàání bá ti pe ìrun Àìlà tàbí Àlàásárì, Bàbá á fi ẹ̀rọ sílẹ̀, á gba mọ́ṣáláṣí lọ, rọ́bà á sì máa jinná jù díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀rọ títí á fi dé. Fún abọ́ àti búútà, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Èmi náà gbà pé ohun tó fà á nìyẹn, mo fi Ọlọ́run búra.

Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá kò ti lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án mọ́. Ọkùnrin tí n kò rí i kó pàdánù jánmọ́ọ̀ rí! Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, òun nìkan ló ń dá kírun níbẹ̀, bó bá sì ti sàlámà tán, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ẹ̀rọ. Fún ìtútù àwo, tẹ̀súbáà rẹ̀ ló mú wá. Bí àwo bá ti jáde, á tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi, á ka "Subuhanallahi" mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, á yọ ọ́; kò ní dín, kò ní lé. Ó yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan, ó wọn gbogbo àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dọ́gba. A kó ogún mìíràn lọ sí pápá, wọ́n tún fì. Bàbá ló ṣàkíyèsí pé àwọn tí a ṣe láàárọ̀ ló ń fì jù, àwọn ti ọ̀sán kì í fì tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ni kò tíì gbóná dáadáa láàárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣáájú gbogbo wa láti tàn án. Ohun tí kò rò, tí èmi náà kò rò, ni pé àárọ̀ ni mo máa ń pọ́n ọ̀bẹ mi, ìgbà tó bá mú jù ló sì ń fá etí jinlẹ̀ jù.

Olùkọ́ ní òun á fún wa ní àyè kan péré sí i, ní ọjọ́ Sátidé. Bí ogún tí a bá kó wá lọ́jọ́ náà kò bá dọ́gba, òun á jáwọ́, nítorí àwọn ilé ìwé ń dúró de òun. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Bàbá ṣe mẹ́wàá, mo fá wọn, Alájì kó wọn sínú páálí, ó fi téèpù dì í, ó gbé e sínú yàrá rẹ̀, ó tì í.

Ọjọ́bọ̀ ni mo mọ̀. Mo ń gbálẹ̀ lẹ́yìn àwọn àpò rọ́bà, mo rí àwo kan tó ti yọ̀ ṣubú síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọ̀bẹ mi kò kàn. Mo gbé e jáde sí gbangba tí àwọn onípákó máa ń to igi sí, mo jù ú ní ìjù eré. Ó lọ tààrà, ó kọjá òkìtì pákó, ó yà sí òsì jẹ́jẹ́, ó balẹ̀ síwájú ògiri. Mo ní èèṣì ni. Mo lọ mú un, mo tún un jù ní ìgbà mẹ́fà, bákan náà ni. Mo wá fi ọ̀bẹ ra awọ rẹ̀ fẹ́rẹ́, n kò fá etí, mo tún un jù, ó ṣì lọ tààrà. Mo mú ọ̀kan tí mo ti fá tẹ́lẹ̀, mo jù ú, ó fì sí ọ̀tún. Mo gbé àwo méjèèjì sórí itan, mo pa ojú dé, mo sì fi àtàǹpàkò tọ etí wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kéré débi pé àtàǹpàkò ẹlòmíràn kò lè mọ̀ ọ́n. Tèmi mọ̀ ọ́n. Mo jókòó lórí pákó níbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn Bàbá nínú ilé, tó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ó yẹ kí n dìde nígbà náà, kí n wọlé, kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Láti ọjọ́ náà, mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi láìmọye ìgbà, kì í gùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Bàbá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí àwo bá dára láìjẹ́ pé mo fá a, kí ni wọ́n fẹ́ fi èmi ṣe? Abọ́ ti tán lọ́jà, àwo nìkan ni a ó máa ṣe, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sì rèé, Bàbá lè fi èékánná ra á kúrò. Èkejì ni pé wọ́n ti sọ fún mi kí n má ṣe é, mo sì ti dáhùn pé mo gbọ́. Mo bá dá ọgbọ́n kan. N kò ní fá mẹ́wàá tó kù, n óò kàn ra awọ wọn, n óò sì dákẹ́. Mo ti fá ti inú páálí ná, n kò lè ṣe nǹkan kan sí wọn láìjẹ́ pé mo la ẹnu. Mo ní bí mẹ́wàá bá fò dáadáa, Olùkọ́ á rí i pé iṣẹ́ ń dára bọ̀, á fún wa láyè sí i, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tó fà á. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n mi pọ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá ṣí àpò rọ́bà tuntun. Alájì ti ní kó kọ́kọ́ lo èyí tó wà nílẹ̀ tán, ṣùgbọ́n Bàbá ní rọ́bà tuntun náà mọ́ jù, òun fẹ́ kí mẹ́wàá tó kù yìí dára. Ọ̀bẹ mi ló yá láti fi la ẹnu àpò náà.

Ní Sátidé, Olùkọ́ ju mẹ́wàá ti inú páálí, gbogbo wọn fì sí ọ̀tún. Ó ju mẹ́wàá kejì, gbogbo wọn lọ tààrà, wọ́n yà sí òsì, wọ́n balẹ̀ jẹ́ẹ́. N kò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó pa gbogbo wọn pọ̀, ó tún wọn jù, ó ń ṣà wọ́n sí òkìtì méjì lórí koríko. Mẹ́wàá níhìn-ín, mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tó rẹ̀.

"Hwɛ, Alhaji, wò ó," ó ní. "Ó dà bí pé ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe é. Ká ní gbogbo rẹ̀ ló fì sí ọ̀tún, ǹ bá gbà á. Ọmọ á mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á kọ́ bó ṣe máa jù ú. Ṣùgbọ́n èyí tí kò jọra wọn yìí, kí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ?"

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ká ní mo fi ọ̀bẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n fá ogún náà bákan náà, iṣẹ́ ì bá bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ká ní mo sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí a da ti inú páálí nù kí a ṣe mẹ́wàá mìíràn, iṣẹ́ ì bá bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò lè já sí ibì kankan ni mo mú.

Alájì yíjú sí Bàbá Ẹlẹ́rọ. "Bàbá, kí lẹ ṣe láàrin Ọjọ́rú sí Ọjọ́bọ̀?"

"Mo ṣí àpò tuntun," Bàbá dáhùn.

"Haba, Bàbá! Mo ní kẹ́ ẹ má ṣí i! Wallahi, mo sọ ọ́ fún yín!"

Bàbá wo òkìtì méjèèjì tí àwo wà. Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó sì tẹrí ba fún ọkùnrin tí wọ́n bí lójú rẹ̀. Òun gan-an bá wọn jẹ sàráà ìsọmọlórúkọ rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, Alájì," ó ní. "Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Ẹ foríjì mí." Èmi dúró lẹ́yìn wọn, mo gbé omi ọlọ́ràá lọ́wọ́, mo ń pín in fún wọn. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo fún Bàbá ní omi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ ńlá fi wá gbé ẹ̀rọ. Mọ́ọ̀dù àwo náà bá irin àlòkù lọ. Alájì kó ẹrù rẹ̀, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Nígbà mìíràn ó máa ń pè mí lórí fóònù, á bá mi sọ èdè Twi tí wọ́n ń sọ ní Kumasi, nítorí kò sí ẹni tó ń bá a sọ ọ́ níbẹ̀, á sì béèrè pé báwo ni Anloga ṣe rí. Àwọn àwo tí Olùkọ́ kọ̀, a pín wọn kiri Aboabo. Títí di òní, ẹ ó rí wọn lórí ìkòkò ọbẹ̀, lórí ámù omi, lórí abọ́ wáákyè, ìyẹn ìrẹsì oníẹ̀wà, gbogbo wọn ń ṣe ìdérí.

Mo máa ń lọ kí Bàbá. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀ pé yóò rí, ojú kejì náà sì ti ń bá ti àkọ́kọ́ lọ. Àwo kan kì í kúrò lórí itan rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ti inú páálí. Á máa yí i, á máa tọ ikùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ń wá ibi tí òun ti ṣìnà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ìwọ tí ojú rẹ ṣì ń ríran, kí lo rò pé mo ṣe? Ṣé ooru ni? Mo kà á pé, tẹ̀súbáà kò lé, kò dín."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ti ya ẹnu. Bàbá ti fi àtàǹpàkò rẹ̀ lé etí àwo náà, ó ń tọ̀ ọ́ yíká díẹ̀díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé yẹn. "Etí yìí nìkan ló dára lára rẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ rẹ kò yẹ̀ rí. Ó dára paa. Mo máa ń sọ fún ìyá ilé pé, bí mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, mo kúkú kọ́ ẹnì kan níṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n."

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Mo ti gbìyànjú láti dá ara mi láre pé àánú ló pa mí lẹ́nu mọ́, pé n kò fẹ́ gba ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Ìyìn náà dùn mọ́ mi. Àní ní ìṣẹ́jú yẹn, ó dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ kó tún un sọ. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó kú kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ kan náà bí ìlànà wa, pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀ nínú rẹ̀.

Abọ́ òkè òkun ni mo ń tà ní Aboabo báyìí. Àwọn oníbàárà ṣì ń fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀, àṣà ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, kò sí ọwọ́ ẹnì kankan lára rẹ̀. Bí mo bá gba Asawase kọjá, mo máa ń rí àwọn ọmọ díẹ̀ tí Olùkọ́ kó jọ, tí wọ́n ń ju àwo tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Wọn kò pọ̀, àwo náà kò ká gbogbo wọn, ẹni mẹ́rin-márùn-ún ló ń dúró de ẹyọ kan. Àwo tí mo rí lẹ́yìn àpò ní Ọjọ́bọ̀ yẹn wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. N kò jù ú mọ́ láti ìgbà náà. N kò mọ ẹni tí mo lè fi hàn, nítorí ẹni tó yẹ kó rí i kò sí mọ́, ohun tí mo bá sì sọ fún àwọn tó kù, ara tèmi nìkan ni yóò fúyẹ́.

Ní gbogbo Iléyá, mo máa ń lọ kí ìyàwó Bàbá. Àwo tó máa ń wà lórí itan ọkọ rẹ̀ ló fi dé ámù omi. Á ṣí i, á bu omi fún mi, kó tó dé e padà, á fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yíká bí ó ṣe rí Bàbá tó ń ṣe é, á sì sọ ohun tó máa ń sọ ní ọdọọdún pé, "Ọwọ́ rẹ nìyí o, ọmọ mi. Bàbá yín kò yé yìn ọ́ títí tó fi lọ." Èmi á na ọwọ́ méjèèjì gba omi náà, mà á mu ún tán, mà á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.